Ọjọ́ Mẹ́ta Inú Àpò

Ẹ̀gẹ́ ni Toheebat ń bẹ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú kọjá díẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius ni, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló fún òun ní pùròpósà kan náà, láti orí àkọlé títí dé àmì ìparí. Ó ní Makurdi ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ lọ ti ṣe ìwádìí, bẹ́ẹ̀ òun mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti kọjá Ìbàdàn rí. Ó fẹ́ òmíràn, kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́, ojú ìwé mẹ́fà, kó sì wà lórí tábìlì òun kí aago mẹ́rin òní tó lù. Ẹni tí kò bá mú un wá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni pé: "Ẹ má kọ ohun tí ẹ kò lè fi ojú ara yín rí."

Ìmọ̀ oúnjẹ ni Toheebat ń kọ́, ọdún ìkẹyìn ló sì wà. Inú pùròpósà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ohun tó fẹ́ wádìí, ìdí tó fi fẹ́ wádìí rẹ̀, àti ọ̀nà tí yóò gbà. Bí olùkọ́ kò bá fọwọ́ sí i, ìwádìí kò lè bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ìwádìí, kò sí ìwé ẹ̀rí.

Ìyá rẹ̀, Mẹ̀dínátù, ń dáná sábẹ́ agbada gàrí. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Toheebat sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń pọ́n àdá.

Ìbítóyè, ọkọ yìí, ló ra pùròpósà náà. Ọwọ́ Ṣèyí ló ti rà á, ẹni tó ní ilé kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí Ìmàsàyí ti ń rà á. Wọ́n á sọ ẹ̀ka tí ọmọ wà, Ṣèyí á yí orúkọ padà, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á dì í pọ̀. Kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi tútù kan. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ṣe ti Jayéọlá, àkọ́bí ilé náà, òun sì ti gba ìwé ẹ̀rí.

Ìbítóyè fi àdá sílẹ̀, ó pe Ṣèyí. Ó ṣí ohùn fóònù síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ṣèyí kò jiyàn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun ti ta èyí fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ ló pọ̀. Ó ní òmíràn wà nílẹ̀, lórí wàrà àwọn Fúlàní ní Sókótó, ẹnikẹ́ni kò tíì rà á ní agbègbè yìí. Ó ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdajì ni bàbá máa san.

"Ẹ gbọ́ bí," ni Ìbítóyè wí. "Ìdajì."

"Sókótó," ni Mẹ̀dínátù wí.

"Kí ló ṣe Sókótó?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Màlúù wo ni ọmọ yìí ti fún wàrà rẹ̀ rí?"

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìbítóyè ní òun kò ṣe ju ohun tí gbogbo òbí ń ṣe lọ. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ọmọ kan ní àdúgbò yìí tó jókòó kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ̀dínátù ní òun kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé wọ́n á bi ọmọ ní ìbéèrè lọ́jọ́ kan, Ṣèyí kò sì ní wá bá a dúró níbẹ̀. Ìbítóyè ní wọ́n bi Jayéọlá náà, ó sì yege.

Gbogbo wọn wo Jayéọlá. Ó jókòó lórí àpótí níwájú ilé, ó ń nu ọ̀kadà tó fi ń gbé èrò lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ó nu táńkì epo títí kó tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò yege o. Wọ́n ṣàánú mi ni."

Ó ní wọ́n bi òun pé báwo ni òun ṣe yan ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tí òun bá sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ náà gan-an ni òun mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn wà nínú ìwé òun. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in.

Kò sọ ọ́ nílé rí. Ó fún aṣọ ìnu-nǹkan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí nu ẹsẹ̀ ọ̀kadà. Ìbítóyè wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ṣèyí ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ pé hẹlóò, hẹlóò. Ó pa á.

Toheebat wọlé lọ mú bírò àti ìwé onílà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sókè ìwé: Kí ni mo fẹ́ mọ̀? Ta ló lè sọ ọ́ fún mi? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni? Lẹ́yìn náà kò kọ nǹkan kan mọ́.

Bàbá rẹ̀ gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní kó kọ nípa ipa tí oúnjẹ ń kó nínú ìtẹ̀síwájú Nàìjíríà. Ó ní àkọlé tó wúwo ni, kò sí olùkọ́ tó lè kọ̀ ọ́.

Jayéọlá béèrè láti ìta pé ènìyàn mélòó ni Toheebat lè dá bá sọ̀rọ̀ kí àkókò ìwádìí tó parí. Toheebat rò ó. Ó ní bóyá ogún.

"Ogún yẹn ni Nàìjíríà tìrẹ," ni Jayéọlá wí.

Toheebat rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ogún ènìyàn, ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ó rò ó láti kọ nípa èéfín ààrò, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi wọn èéfín. Ó rò ó nípa èèpo ẹ̀gẹ́, ó rántí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú wọn ti ṣe é. Ó pa méjèèjì rẹ́. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Ìbítóyè dìde, ó rìn yí ilé ká, ó tún padà wá jókòó.

Ìgbà yẹn ni ariwo sọ ní ilé gàrí.

Páànù lórí òpó mẹ́fà ni ilé gàrí, ó wà láàárín ilé wọn àti ilé Morádéyọ̀. Obìnrin méje ló ń lò ó. Olúkúlùkù ní ààrò tirẹ̀, ṣùgbọ́n jáàkì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ àpò kí omi ara ẹ̀gẹ́ rírin lè jáde. Kí àpò má baà dàrú, olúkúlùkù ní àwọ̀ àkísà tó ń so mọ́ tirẹ̀.

Àpò kan ló fa ariwo. Fúnkẹ́, oníbàárà wọn tó ń kó gàrí lọ tà ní ìlú Tube, ló fi mọ́tò dá a padà. Ó ní gàrí inú rẹ̀ kò tó ọjọ́, inú ń run àwọn tó jẹ ẹ́. Àkísà ara àpò sì ti já dànù. Kò sí ẹni tó mọ ti ta ni.

Morádéyọ̀ dúró ti àpò náà, ọwọ́ ní ìbàdí. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé òpópónà.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi máa ń lò nínú àpò," ló wí. "Kò lé, kò dín."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi náà," ni Mẹ̀dínátù dá a lóhùn.

"Ta wá ló ni èyí, Ìyá Jayéọlá? Ṣé àǹjọ̀nú ló wá yan gàrí níbí?"

"Àǹjọ̀nú kì í dìde kùtù bíi yín, Ìyá Ọdúnayọ̀."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ kò rín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn tó ti ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí inú kò run ọ̀kankan nínú wọn.

Toheebat ti jáde wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, nítorí òun ń ronú. Kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ó dúró ti òpó, ó ń wo àpò mìíràn tí Morádéyọ̀ fẹ́ tú sínú agbada. Alẹ́ àná ló rí obìnrin náà ní ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń rin ẹ̀gẹ́. Àná. Ó sì ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta, kò sì jọ ẹni tó ń purọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "láti ìgbà wo ni ẹ ti ń kà á?"

Morádéyọ̀ wò ó bí ẹni pé ó béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n bá ti fa ẹ̀gẹ́ tu lóko ni. Ó ka ọjọ́ náà sórí ìka. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fà á tu. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n rin ín. Òní jẹ́ Ọjọ́rú. Mẹ́ta.

Mẹ̀dínátù pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò gbọ́ irú èyí rí, pé ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń ka ọjọ́ fún. Ó ní ìdí ẹ́ńjìnnì ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n máa yan án.

Màmá Málọmọ́ ni àgbà ilé gàrí náà. Ó jókòó sí ìdí ààrò tirẹ̀, ó ń fi ajọ̀ ku gàrí, kò sì tíì gbójú sókè. Ó ní àwọn méjèèjì ló ṣì í.

"Ìgbà tí jáàkì bá gun àpò ni. Ọjọ́ tí ó gùn ún kò sì sí nínú ọjọ́ náà."

"Màmá, ọjọ́ kẹrin lẹ wá ń yan tiyín nìyẹn," ni Morádéyọ̀ wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo pè é. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni ìyá mi pè é."

Toheebat kò rìn padà sílé. Ó sáré. Ó mú ìwé, ó mú àpótí kékeré, ó padà wá jókòó sí àárín àwọn obìnrin náà. Ó ní kí wọ́n má sọ ọjọ́ mọ́, aago ni kí wọ́n sọ. Aago mélòó ni ẹ̀gẹ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, aago mélòó ni ó wọ agbada. Wọ́n rò ó, wọ́n ń bi ara wọn, wọ́n ń fi ìrun ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yìn Mọ̀ńgàríbì ni, kò tíì tó Ìṣáì. Jayéọlá ti fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó dúró sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ó ń bá a yọ wákàtí lórí fóònù.

Nígbà tí wọ́n parí, Toheebat kà á sókè. Ọjọ́ mẹ́ta ti Ìyá Ọdúnayọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá nínú àpò. Ọjọ́ mẹ́ta ti ìdí ẹ́ńjìnnì jẹ́ wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ti Màmá Málọmọ́ jẹ́ wákàtí méjìléláàádọ́rin, ó tilẹ̀ lé.

Iná ń ta pàrà lábẹ́ agbada.

"Mẹ́rìnlá?" ni Morádéyọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò dé òpópónà mọ́. "Tún un kà."

Ó tún un kà. Mẹ́rìnlá ni.

Lẹ́yìn èyí ni gbogbo wọn dá ẹnu sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹ́rin tó kù ń sọ tiwọn. Ọ̀kan ní alẹ́ ni òun ń kà, kì í ṣe ọ̀sán. Ọ̀kan ní òun kì í kà rárá, òun ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Ìbítóyè náà ti dé, ó dúró sẹ́yìn òpó, ó ní ìyá òun máa ń fi ẹ̀gẹ́ náà tọ́ ahọ́n. Toheebat ń kọ, kò lè tètè kọ tó. Ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní kíláàsì: oró wà nínú ẹ̀gẹ́, bó bá ṣe ń pẹ́ nínú àpò ni oró náà ń dínkù. Ó rántí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó máa ń wá sí ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta, ni wọ́n máa ń wí. Àwọn obìnrin á ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, olúkúlùkù á padà sí ìdí ààrò rẹ̀. Òun kò sì rí ìwé kan nínú gbogbo èyí tí òun kà tó béèrè pé láti ìgbà wo.

"Bàbá mi," ló wí, "mo ti rí i."

Bàbá rẹ̀ kò béèrè ohun tó rí. Ó lé àwọn ewúrẹ́ kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó sì fi tábìlì ìjẹun síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nígbà tí àlejò kan wá kí i, ó jókòó tì í ní ìta gbangba, ó ní iṣẹ́ ń lọ nínú ilé.

Yorùbá ni Toheebat kọ́kọ́ fi kọ ọ́ sórí ìwé kan, kó lè mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sórí èyí tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìṣòro náà gba ojú ìwé kan. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju méjì lọ: ibo ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, wákàtí mélòó ló sì ń jẹ́ ní tòótọ́. Ó fẹ́ fi ìbéèrè kẹta kún un, nípa àwọn tó ń jẹ gàrí. Jayéọlá ní kó fi sílẹ̀. Ó ní ta ni yóò lọ wọn oró nínú ikùn àwọn ará Tube. Toheebat fi sílẹ̀.

Ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é ló gba àkókò jù. Ogún obìnrin, ilé gàrí méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ìdí ẹ́ńjìnnì ni yóò ti máa fi bírò aláwọ̀ dúdú kọ aago sára àkísà tí olúkúlùkù so mọ́ àpò. Bí àpò bá dé ìdí agbada, yóò kọ aago kejì. Yóò bu ife kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́. Jayéọlá béèrè pé bí wọ́n bá mọ̀ pé ó ń wo aago, ṣé wọn kò ní fi àpò sílẹ̀ pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ nítorí tirẹ̀. Toheebat gbé bírò sílẹ̀. Kò rò ó débẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ti kí ojú wọn mọ́ òun lára, òun kò ní kà á mọ́ ìwádìí. Ó kọ ọ́. Inú Jayéọlá dùn débi pé ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, bírò sì fa ìlà gba orí ojú ìwé kẹrin kọjá. Wọ́n tún ojú ìwé náà kọ.

Aago kan ọ̀sán kù díẹ̀ ni Mẹ̀dínátù gbé ẹ̀wà wá, ó bu gàrí lé e. Toheebat kò fẹ́ fi bírò sílẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí ṣíbí. Ìyá rẹ̀ gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́.

"Kà á fún mi," ló wí.

Toheebat fi Yorùbá kà á. Ìyá rẹ̀ ń tẹ́tí sílẹ̀, ṣíbí ń lọ, ó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti Màmá Málọmọ́. Nígbà tó dé orí obìnrin tó ń kà á láti ìdí ẹ́ńjìnnì, wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ṣíbí dúró.

"Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Mẹ̀dínátù gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wo ìta, níbi tí àpò tirẹ̀ wà lábẹ́ páànù. Fúnkẹ́ ń bọ̀ wá kó gàrí nírọ̀lẹ́, nítorí rẹ̀ ni iná fi ń jó láti àárọ̀.

"Àpò ti òní ńkọ́?"

Toheebat fúnra rẹ̀ ló ru ẹ̀gẹ́ àpò náà lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ní aago méjìlá ọ̀sán àná. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, kò lé. Ó mọ̀ láti àárọ̀. Kò kọ ọ́.

"Ọjọ́ Ajé ni a bẹ ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo kà á mọ́ ọn." Ó sún abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí Fúnkẹ́ bá ń bọ̀, mo máa ń kà á mọ́ ọn."

"Kò pọn dandan, mà. Àwọn mẹ́ta tí mo kọ ti tó."

"Kọ ọ́."

"Ìyá mi."

"Ṣé ọ̀gá yín kò sọ pé ohun tí o bá fi ojú ara rẹ rí ni kí o kọ? Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó dìde. Ó lọ sí ilé gàrí, ó fa igi iná jáde lábẹ́ agbada rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bu omi sí i. Morádéyọ̀ ń wò ó láti ìdí ààrò kejì. Ó béèrè bóyá òjò ń bọ̀ ni. Mẹ̀dínátù ní rárá.

Toheebat kọ ọ́. Obìnrin kejì, àpò kejì, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó fi ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n gbéra. Jayéọlá ló wa ọ̀kadà. Ìwé náà wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú báàgì, Toheebat sì di báàgì mọ́ àyà. Bàbá wọn dúró lójú ọ̀nà títí wọ́n fi yà.

Àwọn aṣọ́bodè dá wọn dúró lójú títì. Ìrẹsì fàyàwọ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan ní kí Toheebat ṣí báàgì. Ó rí ìwé, ó yọ ọ́, ó ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Jayéọlá wo aago. Ó ti di aago mẹ́ta kù díẹ̀.

"Láti ìgbà wo," ni aṣọ́bodè náà wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ní ilé àwọn ní apá Ìmẹ̀kọ, ìgbà tí omi bá dákẹ́ kíkán lára àpò ni ìyá òun ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ó béèrè bóyá ìyẹn dára. Toheebat ní òun kò tíì mọ̀. Ó gba ìwé, ó kọ ti ìyá aṣọ́bodè sí àtẹ́lẹwọ́, nítorí kò sí àyè mọ́ lórí ìwé. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n máa lọ.

Aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni Toheebat wọ yàrá Ọ̀gbẹ́ni Cornelius. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, Ègùn láti apá Àgbádárìgì, kì í gbé ohùn sókè. Ìwé méjì ti wà lórí tábìlì rẹ̀ kó tó dé. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà gba orí méjèèjì kọjá. Ó gba ti Toheebat. Kò ní kó jókòó.

Ó kà á, ó ṣí i, ó tún padà sẹ́yìn. Toheebat fẹ́ kí ọ̀gá béèrè nǹkan. Ó fẹ́ kó béèrè ohunkóhun.

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius béèrè ìdí tó fi mú ogún obìnrin. Toheebat sọ ọ́. Ọ̀gá béèrè ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá ń fi àpò sílẹ̀ pẹ́ nítorí pé ó ń wò wọ́n. Toheebat sọ ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, ó kọjá ohun tí ọ̀gá béèrè, ó sọ ti ẹni tó ń gbóòórùn, ó sọ ti ìyá aṣọ́bodè, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ hàn án. Ọ̀gbẹ́ni Cornelius wo ọwọ́ náà.

"Obìnrin kejì, àpò kejì," ló wí. "Ìyá rẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó mọ̀ pé o kọ ọ́?"

"Àwọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó wo ojú fèrèsé.

"Wákàtí mélòó ló wá tó?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ó dára," ló wí. "Lọ wádìí rẹ̀." Ó mú bírò, èyí tí kì í ṣe pupa, ó fọwọ́ sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Ayọ̀dàmọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ará Makurdi ni. Ti Sókótó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìta. Ó rọra fa Toheebat ní apá, ó ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun fi fóònù ya ìwé náà, òun á yí Ìmàsàyí sí Ayétòrò, ọ̀gá kò ní mọ̀.

"Ta ló ń yan gàrí ní ilé yín ní Ayétòrò?" ni Toheebat béèrè.

"Ìyá ìyá mi."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kà á?"

Ayọ̀dàmọ́lá yọ fóònù, ó rìn lọ sí ìdí igi máńgòrò, ó ń pe ìyá àgbà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Jayéọlá jókòó lórí ọ̀kadà níwájú géètì. Ó rí ojú àbúrò rẹ̀, kò béèrè mọ́. Ó gba ìwé náà, ó wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, ó sì wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Toheebat pe ilé.

Ìyá rẹ̀ ló gbé e. Toheebat ní wọ́n ti gbà á. Mẹ̀dínátù ní ó dára. Ohùn púpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin ni gbogbo wọn. Ó ní Fúnkẹ́ ti dé, kò bá gàrí, ó sì bínú lọ. Ó sọ èyí bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti gbẹ.

"Ẹ máa bọ̀ kíákíá," ló wí. "Àwọn obìnrin ilé gàrí kejì kún ilé wa. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ò ń ka ọjọ́, o kò sì wá bi àwọn. Ìyá Ọdúnayọ̀ ló kó wọn wá. Ó ti ń bá wọn jà."

"Ẹ ní kí wọ́n má tíì lọ, mà."

"Wọn ò lọ. Wọ́n ti jókòó."

Toheebat gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó ní kí Jayéọlá kọ́kọ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé, nítorí ìwé ọwọ́ òun ti tán.